Bí Eyín Bá Kán, Bí Eyín Bá Yọ

Àwọn àgbà ní funfun niyì eyín. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iyì eyín kò mọ lórí funfun nìkan. Eyín ni a fi ń jẹun, òun náà ni a sì fi ń sọ̀rọ̀. Àwa tí a ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìró èdè mọ̀ pé àfeyínfètèpè ni kóńsónáǹtì tí ó bẹ̀rẹ̀ ‘fìlà’. Ẹni tí kò ní eyín iwájú lókè yóò jìyà kí ó tó pè é bó ti yẹ.

Ìbéèrè wa lónìí nìyí: bí ọmọ bá ṣubú lórí pápá ilé-ìwé, tí ó dìde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu, tí eyín iwájú rẹ̀ sì ti ku ààbọ̀, kí ni ó yẹ ní ṣíṣe? Òbí kò sí nítòsí, dókítà kò sí nítòsí. Olùkọ́ ni ó wà níbẹ̀. Ohun tí olùkọ́ bá ṣe láàárín wákàtí kan péré lè pinnu bóyá ọmọ náà yóò dàgbà pẹ̀lú eyín rẹ̀ tàbí láìsí i.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, nítorí pé ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dàrú, ìtọ́jú á dàrú. Nínú ètò yìí, bí a bá ní eyín kán, ohun tí a ní lọ́kàn ni pé apá kan gé kúrò lára rẹ̀, tí ìyókù dúró nínú erìgì. Bí a bá ní eyín yọ, odindi rẹ̀ ni ó jáde, tòun ti gbòǹgbò rẹ̀.

A ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eyín tí ó kán. Ìpele mẹ́ta ni eyín ní. Èèpo funfun tí ó bò ó níta ni ohun tí ó le jù lọ nínú ara ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí egungun bá ṣẹ́, ó lè so padà. Bí èèpo eyín bá kán, kò lè hù mọ́. Lábẹ́ èèpo yìí ni ara eyín gan-an wà, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Nínú lọ́hùn-ún ni mùdùnmúdùn wà, níbi tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára ń gbà. Bí èèpo nìkan bá kán, ó lè má dunni rárá. Bí ó bá dé ìpele kejì, omi tútù yóò máa ta á. Bí a bá rí àmì pupa láàárín ibi tí ó ti kán, mùdùnmúdùn ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn; ọjọ́ náà gan-an ni kí a wá dókítà eyín. Ẹ má ṣe fi ìrora nìkan díwọ̀n ewu. Eyín mìíràn wà tí kì í dunni, ṣùgbọ́n tí ó ń kú nínú, tí àwọ̀ rẹ̀ yóò di ti eérú nígbà tí ó bá yá.

Kí olùkọ́ wo ọmọ kí ó tó wo eyín. Bí ọmọ bá dákú, tàbí tí ó ń bì, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ yọ ẹnu, kí a sì fi aṣọ mímọ́ tẹ ibi tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Kí a wá èérún eyín náà, kí a fi í sínú mílíìkì tàbí omi, nítorí pé dókítà lè lẹ̀ ẹ́ padà. Bí a kò bá rí i, kí a sọ fún dókítà. Ó lè ti wọ inú ètè, tàbí kí ọmọ ti fà á sínú ẹ̀dọ̀fóóró. Ẹ má ṣe fi ásípírìn sí erìgì, yóò bó o ni.

Eyín tí ó yọ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa ni ó ju eyín sórí òrùlé nígbà èwe, tí a kò fẹ́ kí alángbá rí i. Àṣà náà kò burú, nítorí pé eyín ọmọdé ní arọ́pò. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 6 sí 8 ni eyín àgbà máa ń hù níwájú, èyí kò sì ní arọ́pò. Ó tóbi ju ti ọmọdé lọ, etí rẹ̀ sì máa ń rí bí eyín ayùn nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Bí irú eyín bẹ́ẹ̀ bá yọ, kí a dì í mú níbi tí a fi ń jẹun, kí a má fọwọ́ kan gbòǹgbò. Bí ó bá dọ̀tí, kí a fi omi ṣàn án pẹ̀lẹ́ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá 10, kí a má ha á. Kí a dá a padà sínú ihò rẹ̀, kí ọmọ sì rọra fi eyín di aṣọ mímọ́ mú. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, kí a fi í sínú mílíìkì tútù tí kò ní ṣúgà. Bí kò bá sí mílíìkì, kí ọmọ tutọ́ sínú ife, kí a fi í sínú itọ́ náà. Gbígbẹ ni ọ̀tá eyín. Bí ó bá ti lo wákàtí kan ní gbígbẹ, ohun ẹlẹ́mìí tí ó wà lára gbòǹgbò ti kú. Ṣùgbọ́n a kì í dá eyín ọmọdé padà, kí ó má baà ba èyí tí ń bọ̀ lábẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Dókítà eyín kò ṣaláìní ọgbọ́n. Ní ọdún 1955, Michael Buonocore ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí a bá fi ásíìdì pa ojú èèpo eyín fún ìgbà díẹ̀, ohun tí a fi ń dí eyín lè dì mọ́ ọn dáadáa. Láti inú ìmọ̀ yìí ni a ti ń fi ohun tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti eyín dí ibi tí ó kán lóde òní. Bí mùdùnmúdùn bá ti kú, wọn yóò kó o jáde, wọn yóò sì dí ihò rẹ̀. Ẹ̀ka ìtọ́jú eyín wà ní àwọn ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ìbàdàn, Èkó àti Ilé-Ifẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ṣùgbọ́n eyín kì í ṣe ẹyin. Bí ó bá balẹ̀, ẹ tètè ṣà á, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó gbẹ.