Kí Ló Ń Jẹ́ "Kẹ̀kẹ́ Obìnrin"? Bí A Ṣe Ń Yan Kẹ̀kẹ́ Tó Bá Ara Ẹni Mu

Nígbà tí mo sọ fún màmá mi pé mo fẹ́ ra kẹ̀kẹ́, ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ta ni yóò máa wà á fún ọ?" Màrúwá ni ọkàn wọn lọ. Ní Agége báyìí, bí ẹ bá dárúkọ kẹ̀kẹ́ lásán, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni aráàlú ń gbọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ fi "ológeere" kún un kí ti ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó yé wọn. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kẹ̀kẹ́ ológeere ni. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mìíràn ṣì ń bọ̀ tí yóò ná mi lówó.

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ni owó ọkọ̀ ti ń gòkè. Ìkẹjà sì wà lára ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tí ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà pátápátá láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2022. Mo ń kọ́ ọmọ kan lẹ́kọ̀ọ́ nítòsí Ọba Akran lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, owó tí mo ń gbà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tán sórí ọkọ̀. Mo tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀, mo wá lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan tó ń ta kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀. Bó ṣe rí mi ló pariwo pé, "Àǹtí, kẹ̀kẹ́ obìnrin wà o!" Ó fa ọ̀kan jáde tí ọ̀pá òkè rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́, mo jókòó, ó wù mí. Mo sanwó. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọrùn ọwọ́ ń dùn mí, ìka mi ń kú, mi ò sì lè jókòó dáadáa ní kíláàsì. Nígbà tí mo tà á, ìdajì owó mi ni mo rí gbà.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, iṣẹ́ wa ṣáà nìyẹn. Lẹ́nu àwọn tó ń tajà, "kẹ̀kẹ́ obìnrin" ni èyí tí ọ̀pá òkè férémù rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ọdún 1885 ni John Kemp Starley gbé kẹ̀kẹ́ Rover jáde ní Coventry, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: táyà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣéènì ló sì ń yí ti ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n yẹ̀rì gígùn ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ń wọ̀ nígbà náà, ọ̀pá òkè sì ń dí wọn lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí tí ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ fún wọn. Aṣọ tí obìnrin wọ̀ ni orúkọ yìí dá lé. Kò sọ nǹkan kan nípa bí ẹsẹ̀ tàbí apá rẹ̀ ṣe gùn tó. Ohun tó tàn mí jẹ nìyẹn. Nítorí pé kò sí ọ̀pá tó dí mi lọ́nà, mi ò fura pé férémù náà gùn jù fún mi. Ní ọdún àìpẹ́ yìí, ilé-iṣẹ́ Specialized ti Amẹ́ríkà pàápàá jáwọ́ nínú ṣíṣe férémù ọ̀tọ̀ fún obìnrin, nítorí pé ara obìnrin kan lè yàtọ̀ sí ti obìnrin kejì ju bó ṣe yàtọ̀ sí ti ọkùnrin lọ.

Irú èyí tí mo ń wá gan-an ni wọ́n ń pè ní hybrid, àmúlùmálà kẹ̀kẹ́ eré ìje àti kẹ̀kẹ́ orí òkè. Táyà rẹ̀ ga bíi ti eré ìje (ẹ óò rí 700C tàbí 622 lára rẹ̀), ṣùgbọ́n ó máa ń fẹ̀ tó mílímítà 32 sí 45. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ́ gbọọrọ, ẹni tó ń gùn ún sì lè gbójú sókè wo danfó àti tírélà. Lágbègbè wa, láti Pen Cinema títí dé Ọgbà àti Ọba Akran, ọ̀dà wà, kòtò wà, iyanrìn wà. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ lè há sínú kòtò. Táyà gbàǹgbà ti orí òkè yóò mú kí ẹ làágùn kí ẹ tó débi iṣẹ́.

Kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ wọn ara yín.

Èkíní ni ẹsẹ̀. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ fi ìwé líle sáàárín itan, kí ẹ gbé e sókè títí yóò fi kan ibi tí itan méjèèjì ti pàdé. Ẹ fi téèpù télọ̀ wọn ibẹ̀ dé ilẹ̀. Tèmi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 74. Bí ọ̀pá òkè kẹ̀kẹ́ bá dọ́gba, ẹ dúró lé e láàárín. Kí àlàfo sẹ̀ǹtímítà 2 sí 5 wà láàárín yín àti ọ̀pá náà. Bí danfó bá dúró lójijì níwájú yín, ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ lè balẹ̀ láìṣèṣe. Ẹ má gbára lé S, M tàbí L tí wọ́n kọ sára férémù, nítorí S ilé-iṣẹ́ kan lè jẹ́ M níbòmíràn.

Èkejì ni apá. Ẹ jókòó, ẹ di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Ìgúnpá gbọ́dọ̀ tẹ̀ díẹ̀, kí èjìká má sì gbé sókè. Bí apá bá nà gan-an, férémù ti gùn jù. Irin kékeré tó so ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́ iwájú ṣeé fi èyí tó kúrú pààrọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ló lè tún ṣe. Ibí ni kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ mi ti kùnà.

Ẹ̀kẹta ni ìjókòó. Ẹ fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dà nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán. Bí ẹ bá wá fi iwájú ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, bí a ṣe ń gùn ún gan-an, orúnkún yóò tẹ̀ díẹ̀. Ọ̀nà míì ni èyí tí Greg LeMond, ará Amẹ́ríkà tó gba Tour de France ní 1986, 1989 àti 1990, sọ di gbajúmọ̀: ẹ fi 0.883 sọ gígùn ẹsẹ̀ yín di púpọ̀. Tèmi di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 65, láti àárín ibi tí apá pẹ́dà ti ń yí dé orí ìjókòó.

Fífẹ̀ rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Egungun méjì ló wà nídìí tí a fi ń jókòó, ó sì sábà máa ń jìnnà síra lára obìnrin ju ti ọkùnrin lọ. Ẹ gbé páálí sórí àga líle, ẹ jókòó lé e fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wọn àárín ojú ibi méjì tó tẹ̀ wọnú, ẹ fi bíi sẹ̀ǹtímítà 2 kún un. Ẹ má jẹ́ kí fóòmù rírọ̀ tàn yín: egungun á rì sínú rẹ̀, ẹran ara tó wà láàárín á wá máa gba ìnira. Ohun tó ṣe mí ní kíláàsì nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin ni bíréèkì. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè dé ibẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ tú ọwọ́ sílẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá kéré, ìdè kékeré kan sábà máa ń wà lára irin bíréèkì tó lè fà á súnmọ́ yín.

Ẹni kejì tí mo lọ bá wo téèpù lọ́wọ́ mi, ó ní, "Àǹtí, ṣé télọ̀ ni yín ni?" Mo wọn mẹ́rin kí mo tó rí èyí tó bá mi mu. Ọ̀pá òkè rẹ̀ dọ́gba, "kẹ̀kẹ́ ọkùnrin" ló sì pè é. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìró tàbí yẹ̀rì lè ra ọlọ́pàá ìsàlẹ̀ láìsí wàhálà, bí ìwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ṣáà ti pé. Ní tèmi, mo máa ń wọ ṣòkòtò ní ọjọ́ iṣẹ́. Oṣù kẹrin rèé tí mo ti ń gùn ún, ọwọ́ mi ò kú mọ́.

Nígbà tí màmá mi rí i, wọ́n ní, "Kẹ̀kẹ́ ọkùnrin kọ́ lèyí?" Mo ní kẹ̀kẹ́ tèmi ni. Téèpù náà ṣì wà nínú báàgì mi. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ra tirẹ̀ lè wá yá a.