Gbèsè Tí Aràn Ìsàlẹ̀ Òkun Jẹ Oòrùn

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni ìròyìn kàn káàkiri pé àwọn onímọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ róbọ́ọ̀tì SuBastian ṣí àpáta ìsàlẹ̀ Òkun Pàsífíìkì, ní ibú Olókun, ọlọ́rọ̀ tí a kì í rí ìdí ọrọ̀ rẹ̀, lẹ́bàá orísun omi gbígbóná, níbi tí omi ti jìn ju mítà 2,500 lọ, bá aràn àti ìgbín nínú ihò tí ń bẹ lábẹ́ àpáta náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ: ibi tí wọ́n ń gbé kò yani lẹ́nu tó bí wọ́n ṣe ń jẹun.

Ní ọdún 1977 tí ọkọ̀ abẹ́ omi Alvin kọ́kọ́ dé orísun omi gbígbóná irú èyí lẹ́bàá erékùṣù Galápagos, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta ni ó pọ̀ nínú ìrìn àjò náà, kò sí onímọ̀ ẹ̀dá alààyè kan ṣoṣo láàárín wọn, débi pé ọtí fódíkà ni wọ́n fi tọ́jú díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n kó kí ó má bàa rà. Aràn Riftia tí ń gbé níbẹ̀, tí ó lè gùn tó mítà 2, kò lẹ́nu, kò sì ní ìfun. Onímọ̀ ẹ̀dá alààyè Colleen Cavanaugh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n tú àdììtú náà ní ọdún 1981, pé ọ̀kẹ́ àìmọye kòkòrò àìfojúrí ni ó kún inú aràn yìí, tí wọ́n ń ti ara gáàsì imí-ọjọ́, èyí tí ń rùn bí ẹyin òbu, rí agbára tí wọ́n fi ń sọ kábọ́ọ̀nù inú omi di oúnjẹ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: aràn ń fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbé gáàsì fún kòkòrò, kòkòrò sì ń bọ́ aràn.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí kò jẹ oòrùn ní gbèsè kankan. Àṣìsọ ni. Kí agbára inú gáàsì yẹn tó lè jáde fún kòkòrò inú aràn, àfi kí ó bá ọ́síjìn pàdé, ọ́síjìn yìí sì ni àwọn ewéko, títí kan àwọn tín-tìn-tín tí ń léfòó lójú òkun, ti fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pèsè, kí omi tútù tí ń rì nítòsí ìpẹ̀kun àríwá àti gúúsù ayé tó gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ bá wọn.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá mu ni àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn tí kò fẹ́ ọ́síjìn rárá, tí wọ́n ń da háídírójìn pọ̀ mọ́ kábọ́ọ̀nù, tí mẹ́téènì sì ń jáde níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Methanopyrus kandleri, ń bí sí i nínú ooru tí ó tó 122°C. Ní Lost City, orísun omi gbígbóná mìíràn tí wọ́n rí nínú Òkun Àtìláńtíìkì ní ọdún 2000, omi òkun àti àpáta ni wọ́n ń bá ara wọn ṣe tí háídírójìn fi ń tú jáde, irú ibẹ̀ sì ni àwọn onímọ̀ William Martin àti Michael Russell gbà pé ìwàláàyè ti ṣẹ̀. Èmi kò ní fọwọ́ sọ̀yà lórí èyí, nítorí ẹ̀rí ṣì fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ọ̀nà náà gún. Ẹni tí ó bá sì ń retí ẹ̀dá alààyè ní Enceladus, òṣùpá Saturn, tí a gbọ́ ní ọdún 2017 pé ọkọ̀ òfurufú Cassini rí háídírójìn nínú omi tí ń tú jáde lára rẹ̀, kí ó má ṣe retí aràn; kòkòrò tí ń ṣe mẹ́téènì ni kí ó máa wá.