Pitchfork: Ìwé Ìròyìn Tó Ń Fún Orin Ní Máàkì

Ìwé ìròyìn orin kan la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, Pitchfork ni wọ́n ń pè é. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí orúkọ náà rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ máàkì kan, bíi 8.4 tàbí 6.7. Máàkì yẹn gan-an ló gbé wa dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n ti ilé bẹ̀rẹ̀. Níbi òde àríyá, kì í pẹ́ tí olórin fi máa ń mọ̀ bóyá orin òun wọ àwọn èèyàn lára. Bó bá wọ̀ wọ́n lára, wọn á jó wá síwájú, wọn á máa lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Bí kò bá wọ̀ wọ́n lára, wọn á jókòó, wọn á dojú kọ ìrẹsì wọn. Àwọn ẹgbẹ́ olórin tí wọ́n ń pè ní indie kì í rí irú ìdájọ́ ojú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni ẹgbẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ńlá bíi Sony, Warner tàbí Universal kò gbé orin wọn jáde. Ilé-iṣẹ́ kékeré ló ń bá wọn gbé e, tàbí kí wọ́n gbé e fúnra wọn. Rédíò ńlá kì í sábà kọ ibi ara sí wọn. Ẹgbẹ́ kan lè ṣe àwo tó dùn jù lọ́dún, kí ẹni tó wà ní òpópónà kejì má gbọ́ nípa rẹ̀. Ó di dandan kí ẹnì kan kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kó sì pariwo fún àwọn yòókù. Iṣẹ́ tí ìwé ìròyìn olómìnira ń ṣe nìyẹn.

Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ pariwo bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wá owó ìwé àti owó ẹ̀rọ. Ní ìparí ọdún 1995, Ryan Schreiber, ọmọ ọdún 19 kan tó ti ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ́kọ́ọ̀dù, bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ nílé àwọn òbí rẹ̀ lágbègbè Minneapolis ní Amẹ́ríkà. Íntánẹ́ẹ̀tì ló fi ṣe é, nítorí náà kò ná owó ìtẹ̀wé kankan. Turntable ló kọ́kọ́ pè é kó tó yí i padà sí Pitchfork, orúkọ tó mú láti ara àmì tí wọ́n fín sára ọ̀daràn inú fíìmù Scarface. Lọ́dún 1999 ó kó lọ sí Chicago. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ̀wé fún un nígbà yẹn kò gba kọ́bọ̀. Wọ́n kàn fẹ́ràn orin ni, ẹnu wọn sì mú bí abẹ.

Láti 0.0 dé 10.0 ni wọ́n ń fún àwo orin ní máàkì. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín àwo tó gba 7.8 àti èyí tó gba 7.9? Èmi ò mọ̀, mi ò sì rò pé àwọn tó ń fúnni ní máàkì náà mọ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kékeré tó wà lẹ́yìn àmì yẹn ń jẹ́ kó dà bíi pé wọ́n gbé orin sórí òṣùwọ̀n. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́ ọ, òun náà ló kọ ọ́, síbẹ̀ "Pitchfork sọ pé" ni gbogbo ayé máa ń sọ.

Ẹ wo ọdún 2004. Ẹgbẹ́ Arcade Fire láti Montréal ní Kánádà gbé àwo wọn àkọ́kọ́, Funeral, jáde lábẹ́ Merge, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní North Carolina. Pitchfork fún un ní 9.7. Àwọn tí kò gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ náà rí bẹ̀rẹ̀ sí í wá a káàkiri, ẹ̀dà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ sì tán kíákíá. Lọ́dún kan náà, Travis Morrison, tó ti ń kọrin nínú ẹgbẹ́ The Dismemberment Plan ní Washington, ṣe àwo tirẹ̀ àkọ́kọ́, Travistan. 0.0 ni wọ́n fún un. Ẹ má gbàgbé pé ìwé ìròyìn yìí kan náà ti fún àwo ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 9.6 lọ́dún 1999. Lójijì, àwọn rédíò ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tó yẹ kó gbé orin rẹ̀ fà sẹ́yìn. Nígbà tó yá, Morrison fi orin sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó lọ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Lọ́dún 2005, ó kan Clap Your Hands Say Yeah, tí kò ní ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn. Fúnra wọn ni wọ́n ń di síídì wọn sínú àpò, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Nígbà tí 9.0 dé, apá wọn ò ká a mọ́. Èyí tó dùn mí jù ni ti Black Kids, àwọn ọmọ Florida. Lọ́dún 2007, orin mẹ́rin péré tí wọ́n fún àwọn èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ gba 8.4, ariwo sì sọ. Nígbà tí odindi àwo wọn jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 3.3 ni, àyẹ̀wò náà kò sì ní ju àwòrán ajá méjì àti ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo lọ. Ẹni tó gbé wọn gun igi ló tún yọ àkàbà.

Lọ́dún 2021, Pitchfork yẹ àwọn máàkì àtijọ́ kan wò, ó sì yí wọn padà. Àwo Liz Phair ti ọdún 2003, tó gba 0.0, di 6.0. Ọdún 18 ti kọjá. Ẹni tó kọ àyẹ̀wò náà ti tọrọ àforíjì ní gbangba ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Gbogbo àṣìṣe yẹn, àṣìṣe tiwọn fúnra wọn ni. Kò sí ọ̀gá kan lókè tó ń sọ fún Schreiber pé kó rọra. Owó ìpolówó ló ń gbé ìwé ìròyìn náà ró, àti àjọ̀dún orin tí wọ́n ń ṣe ní Union Park ní Chicago láti ọdún 2006. Ní October 2015 ni wọ́n tà á fún Condé Nast, àwọn tó ni Vogue àti The New Yorker. Ọ̀gá kan níbẹ̀ sọ nígbà náà pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń kà á wà lára ohun tó wu àwọn. Ọ̀rọ̀ yẹn bí ọ̀pọ̀ nínú, torí àwọn obìnrin tó ń kọ̀wé níbẹ̀ kò kéré. Lọ́dún 2018, obìnrin kan, Puja Patel, di olótùú àgbà. Lábẹ́ rẹ̀, ráàpù, orin àwọn obìnrin àti orin ilẹ̀ òkèèrè ní àyè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní January 2024, Condé Nast kéde pé òun máa fi Pitchfork sábẹ́ GQ, ìwé ìròyìn àwọn ọkùnrin. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́, Patel sì wà lára wọn. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n kéde pé àjọ̀dún Chicago ti dópin. Máàkì ṣì ń jáde o, ẹ lè lọ wò ó. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́n nípa orin, tí wọ́n mọ irú ẹgbẹ́ tó ń dìde ní ìlú kékeré wo, ti tú ká.

Díẹ̀ nínú wọn tún kó ara wọn jọ. Ní October 2024, wọ́n dá Hearing Things sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ló ni ín, owó tí àwọn òǹkàwé ń san sì ni wọ́n gbára lé. Bí ẹ bá ti kà á, ẹ kọ̀wé sí wa, ẹ sọ ẹgbẹ́ olórin tí ẹ tipasẹ̀ rẹ̀ mọ̀. A ó ka díẹ̀ nínú rẹ̀ lórí ètò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.