Ọkọ̀ Tí Ń Gbọ̀n Ní Òwúrọ̀ Ọyẹ́

Nígbà tí ọyẹ́ bá mú dáadáa, tí ètè ń là, tí epo pupa sì ń dì nínú ìgò, ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ìjọ̀gbọ̀n tiwọn. Ẹni tí ó bá jáde lẹ́yìn ìrun Àsùbáà yóò gbọ́ ọ ní àdúgbò: ẹ́ńjìnnì a dáhùn, a tún kú. Bí ó bá sì jàjà dúró, gbogbo ara ọkọ̀ a máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, èéfín dúdú a sì máa tú jáde nídìí rẹ̀. Bàálé ilé a ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì. Kí ó tó di ọ̀sán, owó oúnjẹ ti di owó púlọ́ọ̀gì.

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin bàbá wa, kí ẹnikẹ́ni tó ná kọ́bọ̀ kan lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ìgbà tí ó máa ń gbọ̀n àti ìgbà tí ó máa ń dáwọ́ dúró. Èyí kò gba owó, etí àti ojú nìkan ni ó gbà.

Pẹtiróòlù kì í jó dáadáa nígbà tí ó bá ṣì jẹ́ omi. Ó ní láti di oru, kí ó dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, kí iná púlọ́ọ̀gì tó lè ràn án. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, púpọ̀ nínú epo náà yóò lẹ̀ mọ́ ara irin tí ó ń gbà kọjá, díẹ̀ ni yóò di oru. Nítorí náà ni àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ fi ṣètò pé kí epo pọ̀ sí i fún ìgbà díẹ̀ ní àárọ̀. Nínú ọkọ̀ tí ó ń lo kábúrétọ̀, bí i àwọn Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975, ṣóòkù ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí: ìlẹ̀kùn kékeré ni, tí ó ń dín afẹ́fẹ́ kù kí epo lè borí. Nínú àwọn ọkọ̀ tí ó dé lẹ́yìn wọn, kọ̀ǹpútà ni. Sẹ́ńsọ̀ kan wà nínú omi ẹ́ńjìnnì tí ó ń ròyìn fún un bí ara ṣe gbóná tó.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí lọ́ra nígbà tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́, tí iná iwájú sì ń ṣókùnkùn, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Òtútù a máa dín agbára rẹ̀ kù, ọ́ìlì náà a sì máa ki. Bí ó bá dáhùn kíá, tí ó gbọ̀n fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tí ó sì rọlẹ̀ bí ó ti ń gbóná, ẹ wo ṣóòkù, tàbí sẹ́ńsọ̀, tàbí àwọn rọ́bà tí ó so mọ́ ọ̀nà afẹ́fẹ́. Rọ́bà tí ó ti gbó a máa le, a sì máa súnkì nínú òtútù, afẹ́fẹ́ a sì gba ibẹ̀ yọ́ wọlé. Bí ooru bá dé, ihò náà lè dí padà. Ìdí nìyẹn tí mẹkáníìkì tí ó dé ní agogo mọ́kànlá kì í fi í rí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sùn sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ tan án ní ìdájí. Bí ó bá sì jẹ́ pé àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́ ni ó ń gbọ̀n, ẹ má di ẹ̀bi ru ọyẹ́.

Ẹ ní kí wọ́n tú púlọ́ọ̀gì, kí ẹ sì fi ojú yín wò ó. Bí ó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, epo pọ̀ jù. Bí ó bá funfun, epo lè má tó, tàbí kí afẹ́fẹ́ máa yọ́ wọlé.

Ìyá kan ní àdúgbò wa tí ó ń ta aṣọ ra púlọ́ọ̀gì lẹ́ẹ̀mejì nínú ọyẹ́ kan ṣoṣo. Wọ́n ń dúdú ṣáá ni, epo tí ọkọ̀ sì ń mu kò jẹ́ kí èrè ọjà hàn. Ẹnì kan ni ó bi í léèrè ibi tí ọwọ́ aago ìgbóná máa ń dúró sí. Ó ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni, bí òun tilẹ̀ wakọ̀ dé ọjà. Wọ́n wò ó, wọn kò bá tẹ́mósítáàtì níbẹ̀. Ọkọ̀ náà ti gbóná jù nígbà kan rí, mẹkáníìkì ìgbà náà sì yọ ọ́ dànù, ó ní ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu wọn, kò sì dára. Tẹ́mósítáàtì ni ó ń dá omi dúró kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbóná, lẹ́yìn náà ni yóò ṣílẹ̀kùn fún omi láti lọ tutù nínú rédíétọ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, omi yóò máa yí láti ìbẹ̀rẹ̀, ara ẹ́ńjìnnì kò ní yá bọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà yóò sì máa rò pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, yóò máa da epo sí i. Epo àpọ̀jù yìí a fọ ọ́ìlì kúrò lára irin inú, a sì sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ́ìlì fúnra rẹ̀. Ẹ gbóòórùn ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì. Bí ó bá ń rùn bí pẹtiróòlù, ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀. Àwọn ènìyàn wa tí ń gbé Jos, níbi tí ilẹ̀ ti ga tó bí ẹsẹ̀ bàtà 4,000, ni ìyà yìí ń jẹ jù.

Ẹ lè dán tẹ́mósítáàtì wò ní ilé ìdáná. Ẹ fi okùn so ó sínú omi nínú agolo àlòkù, kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀, kí ẹ sì gbé e kaná. Ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ pa dé nígbà tí omi tutù, kí ó sì là kí omi tó hó. Nọ́ńbà ìgbóná tí yóò là sí, bí i 82 tàbí 88, sábà máa ń wà lára rẹ̀. Bí kò bá là, tàbí tí ó là sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tuntun ni kí ẹ rà.

Nǹkan méjì ni kí ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n máa da pẹtiróòlù sí ẹnu kábúrétọ̀ kí ọkọ̀ lè dáhùn, nítorí iná lè ti inú ẹ́ńjìnnì bú jáde sí ojú ẹni tí ó dúró tì í. Èkejì ni kí wọ́n tan ọkọ̀ sínú gáréèjì tí a tì pa, pé kí ó máa gbóná. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín ọkọ̀ tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, ó sì pọ̀ jù nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù tí epo sì pọ̀. Ó ń pa ènìyàn lójú oorun. Bí yàrá àwọn ọmọ bá fara ti gáréèjì, ẹ ti ọkọ̀ jáde sí gbangba kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́.