Ẹyọ Mẹ́fà fún Olólùfẹ́: Àrokò Ìfẹ́ ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Lára àwọn afárá onípákó tí wọ́n fi òrùlé bò ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kí òjò má baà tètè mú igi wọn rà, ni àwọn olólùfẹ́ ti ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ orúkọ ara wọn sí. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, kí ìwé kíkọ tó gbilẹ̀, okùn àti owó ẹyọ ni wọ́n fi ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àrokò ni wọ́n ń pè é, èyíinì ni iṣẹ́ tí a fi nǹkan jẹ́ dípò ọ̀rọ̀ ẹnu, yálà ìyẹ́ ẹyẹ, èso igi, tàbí ẹyọ tí a sín sínú okùn.

Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá fi ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin, iye wọn ni ọmọbìnrin náà yóò kọ́kọ́ kà; bí ó bá sì ti pè é ní ẹ̀fà, "fà" tó wà nínú orúkọ iye náà yóò sọ fún un pé ọkàn ẹni tó ránṣẹ́ ti fà sí òun. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wọ̀ ọ́ lọ́kàn, ẹyọ mẹ́jọ ni yóò fi dá a lóhùn, nítorí pé ẹ̀jọ gbé "jọ" dání: ohun tí ìwọ ń rò, a jọ ń rò ó ni. Ẹwà àrokò yìí wà nínú èdè fúnra rẹ̀, ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá ìbáà ka ẹyọ náà títí, kò lè rí ìfẹ́ kankan nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe sín ẹyọ náà tún ń sọ̀rọ̀: èyí tó kọjú síra ń sọ ìrẹ́pọ̀, èyí tó kẹ̀yìn síra ń sọ ìjà.

John Augustus Otunba Payne, ọmọ ìran Ìjẹ̀bú tó jẹ́ akọ̀wé àgbà ilé-ẹjọ́ gíga ní Èkó, wà lára àwọn tó kó àrokò Ìjẹ̀bú jọ. G. W. Bloxam fi irú wọn han ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn ní London, àlàyé rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1887. Èyí tí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, fi ránṣẹ́ sí ọba Èkó, lẹ́yìn tí wọ́n dá ọba Èkó náà padà sórí oyè ní ìparí ọdún 1851, wà níbẹ̀. Ohun kan náà tí ọba fi ń bá ọba sọ̀rọ̀ ni ọ̀dọ́ fi ń wá olólùfẹ́.

Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ̀n, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní ọdún 1892, ilé-ẹ̀kọ́ tàn kálẹ̀, lẹ́tà sì gba iṣẹ́ náà. Kò yani lẹ́nu pé àrokò ìfẹ́ kò pọ̀ nílẹ̀ mọ́, nítorí pé láyé ìgbà náà, bí ẹni tó gbà á bá ti tú okùn rẹ̀, ẹyọ mẹ́fà náà tún ti di owó tó ṣeé ná lọ́jà.