Ìlà etí lára fọ́tò pátákó: ibo ni kí a fà á sí?

Bí a bá ya fọ́tò pátákó ọjà ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kétu fún ìwádìí èdè, tí a fẹ́ fi í sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa fa ìlà dúdú yí i ká kó lè wu ojú. Ọ̀rọ̀ ẹwà kọ́ ni tèmi, ọ̀rọ̀ àmì abẹ́ lẹ́tà ni.

Ìlà tí a fà sínú àwòrán a máa bo ohun tó wà létí rẹ̀. Ìsàlẹ̀ sì ni àmì tó ya ẹ, ọ àti ṣ sọ́tọ̀ kúrò lára e, o àti s wà. Bí a bá gé fọ́tò náà súnmọ́ ọ̀rọ̀ jù, «ọjà» lè di «ojà». Ẹni tó bá ń ka iye ìgbà tí wọ́n fo àmì yóò wá ka ẹ̀bi wa sí ẹni tó kọ pátákó lọ́rùn. (Ẹni tó fi ɛ àti ɔ kọ ọ́, bí a ti ń ṣe ní Benin, bọ́ nínú ewu yìí.)

Ìlà tó wà níta kò bo nǹkan kan, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ píksẹ̀lì 20, ipò gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ti kọ sílẹ̀ láti igun òkè lápá òsì ti sún ní 20 sí ọ̀tún àti 20 sí ìsàlẹ̀.

Ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì lè fi CSS fa ìlà náà láì fọwọ́ kan fáìlì. Èyí ni mo fara mọ́, pàápàá fún fọ́tò ìwé funfun lórí ojú ewé funfun, níbi tí òǹkàwé kò ti ní mọ ibi tí ìwé parí sí. Fún WhatsApp, ẹ fa ìlà sí ìta ẹ̀dà kan, kí orúkọ fáìlì sì sọ bẹ́ẹ̀.