Ọkọ̀ Àtijọ́, Gíà Tuntun: Ọ̀rọ̀ Mercedes Olórí-Pàgódà

Ọ̀ràn kan wà tí ó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn tí ń tún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ ṣe ní ilẹ̀ Jámánì, a sì rò pé ó yẹ kí ẹ̀yin olùkàwé wa, pàápàá jùlọ ẹ̀yin olùkọ́, gbọ́ nípa rẹ̀. Bí ènìyàn bá jogún ohun dáradára kan, tí ó sì tún un ṣe títí ó fi ń dán bí ọjọ́ tí a kọ́kọ́ ṣe é, ǹjẹ́ ó ní ẹ̀tọ́ láti fi ohun tí àwọn tí ó ṣe é kò fi sí i sínú rẹ̀? Ọkọ̀ tí a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ni Mercedes-Benz alájòókòó méjì tí a lè ṣí orí rẹ̀, èyí tí a ṣe láàárín 1963 àti 1971. Ohun tuntun tí a ń fi sínú rẹ̀ ni gíábọ́ọ̀sì àfọwọ́yí tí ó ní gíà márùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ọkọ̀ náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1963 ni a fi èkíní wọn, tí a ń pè ní 230 SL, han aráyé níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Geneva. Ó rọ́pò ọkọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: 300 SL tí ó yára bí àṣá ṣùgbọ́n tí owó rẹ̀ ju agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, àti 190 SL tí ó lẹ́wà ṣùgbọ́n tí agbára rẹ̀ kò tó ẹwà rẹ̀. Paul Bracq, ọmọ ilẹ̀ Faransé láti Bordeaux, wà lára àwọn tí ó ya àwòrán rẹ̀. Béla Barényi, tí a bí nítòsí Vienna ní 1907, ni ọgbọ́n ààbò rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Barényi yìí ni ó kọ́ àwọn aṣe-ọkọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ara ọkọ̀ ni ó yẹ kí ó le. Iwájú àti ẹ̀yìn ni kí ó máa rún wọlé bí ìjàmbá bá dé, kí agbára ìkọlù náà lè tán síbẹ̀. Àárín tí ènìyàn jókòó sí ni kí ó le bí àpáta. Láti 1951 ni ó ti lọ béèrè ìwé àṣẹ olùhùmọ̀ lórí ọgbọ́n yìí, ṣùgbọ́n ọdún 1959 ni a tó rí i nínú ọkọ̀ tí a ń tà ní ọjà. Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀pọ̀ gbà pé ọkọ̀ tí ó bá le koko ni ó ń dá ẹ̀mí sí. Iye àwọn tí ìgbàgbọ́ yẹn pa, Ọlọ́run nìkan ni ó mọ̀ ọ́n.

Òrùlé irin rẹ̀, tí a lè gbé kúrò, tẹ̀ wọnú láàárín, etí rẹ̀ méjèèjì sì ga sókè gẹ́gẹ́ bí òrùlé tẹ́ḿpìlì àwọn ará Éṣíà tí a ń pè ní pàgódà. Ibẹ̀ ni orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ti wá. Kì í ṣe àṣehàn lásán: fèrèsé rẹ̀ ga sí i, ẹni gíga lè wọlé láìforí gbá, òrùlé náà sì le láìwúwo. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ̀ obìnrin afínjú ni. Ní ọdún 1963 kan náà ni Eugen Böhringer àti Klaus Kaiser wà á láti Spa dé Sofia, tí wọ́n sì wà á padà sí Liège, ìrìn-àjò tí ó ju 5,000 kìlómítà lọ lórí ọ̀nà tí ń fọ́ ọkọ̀, tí wọ́n sì gba ipò kìn-ín-ní. Lẹ́yìn 230 SL ni 250 SL dé, lẹ́yìn náà ni 280 SL tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 170. Gbogbo wọn lápapọ̀ jẹ́ 48,912.

Kí wá ni ẹ̀bi gíà àtijọ́? Gíà mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ní. Ní gíà kẹrin, bí ẹ́ńjìnnì bá yí lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pá irin gígùn tí ń gbé agbára lọ sẹ́yìn yóò yí lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n eyín irin mìíràn wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì tí ń dín yíyí náà kù. Nínú àwọn 280 SL tí a kó lọ sí Amẹ́ríkà, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 4.08, èyí ni pé ẹ́ńjìnnì ní láti yí ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Olùkọ́ lè gbé ìṣirò yìí fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀: bí táyà bá ń lọ bí mítà méjì ní yíyí kan, tí ọkọ̀ sì ń sáré 110 kìlómítà ní wákàtí kan, ìgbà mélòó ni ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan? Yóò rí i pé ó ju 3,700 lọ. Irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ dára fún gígun òkè àti fún sísáré kúrò lójú kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba ọ̀nà gbọọrọ fún wákàtí mẹ́ta, ariwo ẹ́ńjìnnì yóò máa dún létí rẹ̀ títí di àṣálẹ́, epo yóò sì máa jó lófò.

Gíà karùn-ún ni oògùn rẹ̀. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá jẹ́ bí 0.8, yíyí ẹ́ńjìnnì yóò wálẹ̀ sí bí 3,000 láìdín eré ọkọ̀ kù. Ilé-iṣẹ́ náà pàápàá mọ èyí, nítorí láti 1966 ni wọ́n ti ń ta gíábọ́ọ̀sì onígíà márùn-ún tí ZF ṣe fún ẹni tí ó bá fẹ́ san owó kún owó. Àwọn tí ó rà á kò pọ̀, nítorí náà ó ṣọ̀wọ́n, ó sì wọ́n lónìí. Ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń ṣe ni pé wọ́n ń yọ irú èyí tí ó wà nínú Mercedes àwọn ọdún 1980, wọ́n sì ń fi sí Pàgódà.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Gíábọ́ọ̀sì tuntun kì í bá ti àtijọ́ dọ́gba ní gígùn, nítorí náà a ní láti gé ọ̀pá irin ẹ̀yìn náà, kí a sì tún un wọ̀n kí ó má baà máa gbọ̀n. Ìdúró ọ̀pá gíà ní láti bọ́ sí ojú ihò tí ó ti wà nílẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì ní láti bá a mu, wáyà tí ń sọ eré ọkọ̀ sì ní láti sọ òtítọ́. Mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ yóò ṣe gbogbo rẹ̀ láìgé ara ọkọ̀ rárá. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n yóò gbé ayùn.

Níbí ni ìjà wà. Àwọn kan ní kò yẹ kí a fi ọwọ́ kan ohunkóhun. Wọ́n ní ẹni tí ó bá fẹ́ ọkọ̀ tí kò pariwo, kí ó lọ ra tuntun. Àwọn mìíràn dáhùn pé ọkọ̀ tí olówó rẹ̀ kò lè wà jìnnà ti di ère, a kò sì ṣe ọkọ̀ láti di ère. Òfin pẹ̀lú dá sí i. Láti 1997 ni ilẹ̀ Jámánì ti ń fi lẹ́tà H sí nọ́ńbà ọkọ̀ àtijọ́ tí ó ti pé 30 ọdún, tí a sì tọ́jú dáradára, a sì ń gba owó orí kan náà lórí wọn. Àwọn olùyẹ̀wò máa ń béèrè bóyá ohun tí a yí padà jẹ́ ohun tí ó ṣeé ṣe nígbà ayé ọkọ̀ náà. Àwọn onígíà-márùn-ún a sì yára nawọ́ sí ti ZF. Ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́, FIVA, gba Ìwé Àdéhùn Turin wọlé ní 2012. Ó fẹ́ kí àyípadà jẹ́ èyí tí a lè dá padà, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì tọ́jú ohun tí a yọ.

Ní tiwa, a rò pé ìwé yìí sọ òótọ́ ju àwọn tí ń pariwo ní ìhà méjèèjì lọ. Ohun tí ó ń dùn wá kì í ṣe gíà karùn-ún, bí kò ṣe àwọn ohun tí a ń pa run nígbà tí gbogbo ènìyàn ń wo gíà. Irin ni ara Pàgódà, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ni a fi ṣe ìdérí ẹ́ńjìnnì, ìdérí búùtù àti awọ ilẹ̀kùn rẹ̀. Nínú ilé ẹ́ńjìnnì, ní etí ìbòrí táyà iwájú, àpá jíjó irin ti ilé-iṣẹ́ wà ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, bí ilà ojú. Panẹlibíítà tí ó ń kánjú yóò fi ìpara dí i, yóò kùn ún, ọkọ̀ náà yóò sì máa dán. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí pé ìbòrí táyà náà ni ti àkọ́kọ́ ti lọ, kò sì sí ẹni tí ó lè dá a padà. Gíábọ́ọ̀sì kò rí bẹ́ẹ̀: ọ̀sán méjì tàbí mẹ́ta, a ti dá ti àtijọ́ padà.

Ohun kan tún wà tí a kò lè ṣe aláìsọ. Bí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe lè jà lórí gíà, ó jẹ́ nítorí pé àwọn baba wọn pa àkọsílẹ̀ mọ́. Ilé-iṣẹ́ náà dá ibùdó ọkọ̀ àtijọ́ sílẹ̀ ní Fellbach, nítòsí Stuttgart, ní 1993, ó sì ń ta ẹ̀yà-ara fún ọkọ̀ tí ó ti kúrò ní ọjà láti 1971. Ẹni tí kò ní ìwé tí ó sọ bí ohun ìní rẹ̀ ṣe rí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ kò lè mọ ohun tí òun yí padà.

Bí ẹnì kan bá wá fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ olùrà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá nọ́ńbà ara ọkọ̀ àti ti ẹ́ńjìnnì bá ìwé ilé-iṣẹ́ mu. Ìbéèrè kejì ni ibi tí gíábọ́ọ̀sì àtijọ́ wà. Àwọn tí ó mọyì ọkọ̀ máa ń fi gíríìsì pa á lára, wọn a wé e sínú aṣọ, wọn a gbé e sínú àpótí igi ní kọ̀rọ̀ gáréèjì, àpótí náà a sì máa bá ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ olówó rẹ̀ tuntun.